Ẹ Bi Wá Léèrè: Tísà ló jàre, mà

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ mi ọkùnrin wà ní SS2, Ìjòkà níbí l'Ákùrẹ́ la ń gbé. Wọ́n fún un ní iṣẹ́ àṣetiléwá, onígun mẹ́ta kan tí àwọn orígun ẹ̀ wà ní (1, 1), (4, 1) àti (1, 3) lórí gíráàfù. Wọ́n ní kó yí i ní 90 dígírì bí aago ṣe ń yí, kó fi (0, 0) ṣe ìdí tó ń yí lé, lẹ́yìn náà kó wá fẹ̀ ẹ́ ní ìlọ́po méjì, kó sọ éríà ẹ̀. Ọmọ kọ 6, tísà fi bírò pupa fà á, ó ní 12 ni. Èmi náà jókòó ṣe é lálẹ́, 6 ni mo rí. Éríà tó jẹ́ 3 tẹ́lẹ̀, ìlọ́po méjì ẹ̀ ò wá ní jẹ́ 6 ni? Mo fẹ́ lọ bá tísà yẹn lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Ìyá Akẹ́kọ̀ọ́, Ìjòkà.

ÌDÁHÙN: Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ má tíì lọ o, tísà ló jàre. Ibi tẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀ dáa gan-an: ìsàlẹ̀ ẹ̀ láti 1 dé 4 jẹ́ 3, gíga ẹ̀ láti 1 dé 3 jẹ́ 2, ẹ sọ wọ́n di ìlọ́po ara wọn, ẹ pín in sí méjì, ó di 3. Kò sí wàhálà níbẹ̀.

Yíyí náà ò le. Tẹ́ ẹ bá ń yí nǹkan bí aago ní 90, ẹ pààrọ̀ àyè nọ́ńbà méjèèjì, kẹ́ ẹ wá fi àmì ìyọkúrò síwájú èyí tó wá di ìkejì, ó máa di (1, -1), (1, -4), (3, -1). Ibi táwọn ọmọ ti máa ń ṣubú nìyẹn, wọ́n á lọ fi àmì yẹn síwájú ti àkọ́kọ́, àwòrán á wá gba ọ̀nà òdìkejì lọ. Tó bá ń rú u lójú, kó gé bébà ní onígun mẹ́ta, kó lẹ̀ ẹ́ mọ́ bébà míì tó mọ́lẹ̀ tí gíráàfù ń hàn lábẹ́ ẹ̀, kó fi ṣóńṣó bírò tẹ (0, 0) mọ́lẹ̀, kó wá yí bébà òkè yẹn díẹ̀díẹ̀. Á fojú ara ẹ̀ rí i. Éríà ò kúrò ní 3 o, ẹní tẹ́ ẹ yí kọjú sí fèrèsé, ṣé ó kéré sí i ni?

Fífẹ̀ ló kó yín sí kòtò. Wọn ò ní kẹ́ ẹ fi 2 lu éríà, ẹ̀gbẹ́ ni wọ́n ní kẹ́ ẹ fi 2 lù, ẹ̀gbẹ́ sì pé méjì: 3 di 6, 2 di 4. 6 lọ́nà 4 jẹ́ 24, ìdajì ẹ̀ 12. Ẹ wò ó báyìí, ẹ ra ìdajì plọ́ọ̀tì, 60 ní 60 ẹsẹ̀ bàtà. Tí ẹnì kan bá ní òun fẹ̀ ẹ́ fún yín ní ìlọ́po méjì, tó di 120 ní 120, ṣé plọ́ọ̀tì kan lẹ máa sọ pé ẹ ní? Plọ́ọ̀tì 60 ní 120 méjì gbáko ni, ìdajì mẹ́rin nìyẹn! Ìdí ẹ̀ nìyẹn tó fi jẹ́ pé tí wọ́n bá ní ìlọ́po mẹ́ta, 9 lẹ máa fi lu éríà.

ÌBÉÈRÈ: Táìlì ni mo ń lẹ̀, iṣẹ́ kan wà lọ́wọ́ mi l'Ọ́bà-Ilé. Yàrá náà ò gún: ògiri kan jẹ́ mítà 4, èyí tó kọjú sí i jẹ́ 3, èyí tó so wọ́n pọ̀ lápá òsì dúró ṣánṣán, 3.2, tọwọ́ ọ̀tún ló dà gẹ̀ẹ́rẹ́, 3.35. Mo ní kí wọ́n ra táìlì 40 ní 40 sẹ̀ńtímítà 80, ọmọ onílé tó wà ní yunifásítì ní 70 ló yẹ, bàbá ti ń wò mí bí olè. Ta ló tọ̀nà? Oní-táìlì.

ÌDÁHÙN: Bọ̀dá, ẹ̀yin méjèèjì lẹ ní tiyín. Ẹ da 4 àti 3 pọ̀, ẹ pín in sí méjì, 3.5, ẹ fi 3.2 lù ú, ó jẹ́ 11.2. Ẹ má fi 3.35 lù ú o, ògiri tó dà gẹ̀ẹ́rẹ́ kọ́ ni gíga. Táìlì kan jẹ́ 0.16, 11.2 gba 70 géérégé. Ẹ̀yin fi 3.2 lu 4 bíi pé yàrá náà gún, ibẹ̀ ni 80 yín ti wá.

Àmọ́ ọmọ yẹn ò tíì gé táìlì rí, lórí bébà nìkan ni táìlì kì í ti í fọ́. Ẹ fi ìdá kan nínú mẹ́wàá kún un, kí wọ́n ra 77. Èyí tẹ́ ẹ bá gé kúrò níbi ògiri gẹ̀ẹ́rẹ́ yẹn, ẹ má jù ú nù: ẹ yí i po ní 180, ojú ibi tẹ́ ẹ gé yẹn á tún bá ògiri yẹn mu ní ìlà míì tí àyè ẹ̀ bá kéré. Yíyí ni mo wí o, kì í ṣe pé kẹ́ ẹ dà á dé bí àwòrán inú dígí. Lórí bébà méjèèjì ló dọ́gba, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn táìlì ò ń dán. Tí díẹ̀ bá ṣẹ́kù, kí bàbá tọ́jú ẹ̀ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, torí tí ọ̀kan bá fọ́ lẹ́yìn ọdún kan, irú àwọ̀ yẹn lè má sí lọ́jà mọ́.