Ṣé ìmọ́lẹ̀ lè fi ìdọ̀tí eyín àti ewu àrùn erìgì hàn?

Bẹ́ẹ̀ ni, ìmọ́lẹ̀ lè fi ìdọ̀tí tó ti pẹ́ lára eyín hàn kedere, ṣùgbọ́n òun nìkan kò tó láti fi sọ pé èèyàn ní àrùn erìgì.

Dókítà eyín á tan ìmọ́lẹ̀ búlúù tó fà sí àlùkò, nǹkan bíi 405 nanometer (ìwọ̀n gígùn ìgbì ìmọ́lẹ̀), sí eyín. Kámẹ́rà tó fi ń wò ó ní gíláàsì tó ń dá ìmọ́lẹ̀ búlúù náà dúró. Eyín tó mọ́ á tàn bí àwọ̀ ewé. Ibi tí ìdọ̀tí ti jókòó fún ọjọ́ mélòó kan á pọ́n bí ẹyin iná, pàápàá létí erìgì àti láàárín eyín méjì. Porphyrin, èròjà kan tí àwọn bakitéríà ń ṣe, ló ń pọ́n bẹ́ẹ̀. Ìdọ̀tí òní kì í sábà pọ́n, nítorí náà àìrí pupa kò túmọ̀ sí pé ẹnu mọ́.

Iná yàrá ló sábà ń ba àwòrán jẹ́, ẹ pa á kí ẹ tó yà á. Àwọn ohun tí wọ́n fi ń dí ihò eyín náà lè tàn, kí ó sì tan ni jẹ.

Ìmọ́lẹ̀ yìí kò rí abẹ́ erìgì. Ọ̀pá tín-ín-rín onímìlímítà ni dókítà fi ń wọn bí àlàfo tó wà láàárín eyín àti erìgì ṣe jìn tó: mìlímítà 1 sí 3 dára, bó bá tó 4 tí ẹ̀jẹ̀ sì ń jáde, àyẹ̀wò ṣì kù, títí kan X-ray eegun àgbọ̀n.