Ìbéèrè Yín Lórí Ọkọ̀: Ẹ̀yà Ara Ọkọ̀ Tí Ó Ti Pẹ́, Níbo Ni A Ti Ń Rí I?

Ọ̀pọ̀ lẹ́tà tí ó tẹ̀ wá lọ́wọ́ láìpẹ́ yìí ni ó dá lórí ọkọ̀ tí ó ti pẹ́ lọ́wọ́ ẹni, tí ara rẹ̀ ṣì le, ṣùgbọ́n tí ẹ̀yà ara rẹ̀ ti di ohun tí a ń wá kiri. Ọ̀rọ̀ náà ká wa lára, nítorí pé ọkọ̀ ni ọ̀pọ̀ ìdílé fi ń jẹun, agbára láti ra òmíràn kò sì sí lọ́wọ́ gbogbo ènìyàn. A mú mẹ́rin nínú àwọn lẹ́tà náà fún ìdáhùn.

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, Olóòtú. Bàbá wa fi Peugeot 504 station wagon sílẹ̀ fún wa, a kò sì fẹ́ kí ó bàjẹ́ mọ́ wa lọ́wọ́. Ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ọ́ìlì, èéfín aláwọ̀ búlúù sì ń jáde nídìí rẹ̀. Mẹ́káníìkì ní kí n lọ ra pístìn àti sílífù, irin oníhò tí pístìn ń rìn nínú rẹ̀. Èyí tí mo rà kò wọlé, ẹni tí ó tà á fún mi kò sì gbà á padà. Àwọn ará ilé ní kí n kúkú ta ọkọ̀ náà fún àwọn onírin. Ṣé a ṣì lè rí ẹ̀yà ara 504 rà lóòótọ́? Òǹkàwé kan, Ògbómọ̀ṣọ́.

Ìdáhùn: Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tà á fún onírin. Nínú àwọn ọkọ̀ àtijọ́ tí ó wà ní ilẹ̀ wa, 504 wà lára àwọn tí a ṣì lè rí ẹ̀yà ara wọn rà láìjẹ́ pé a ránṣẹ́ sí òkè òkun. Ọdún 1968 ni Peugeot gbé e jáde ní ilẹ̀ Faransé. Ní 1975, ilé-iṣẹ́ PAN (Peugeot Automobile Nigeria) bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ Peugeot pọ̀ ní Kàdúná, wọ́n sì ń to 504 níbẹ̀ títí ó fi kọjá ọdún 2000, bẹ́ẹ̀ 1983 ni wọ́n ti fi salúùnù rẹ̀ sílẹ̀ ní Faransé. Ẹ̀yà ara ọkọ̀ tí a tò pọ̀ nílé fún ìgbà pípẹ́ tó bẹ́ẹ̀ kì í tán lójà bọ̀rọ̀.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí yín ni pé orúkọ ọkọ̀ ni ẹ gbé lọ sí ọjà, ẹ kò gbé ìwọ̀n ẹ́ńjìnnì lọ. Nínú 504 tí ń lo bẹntiróòlù, ẹ́ńjìnnì méjì ni ó wọ́pọ̀. Ọ̀kan jẹ́ 1796 cc, ẹnu pístìn rẹ̀ sì jẹ́ mílímítà 84; èkejì jẹ́ 1971 cc, tirẹ̀ sì jẹ́ mílímítà 88. Láti òde, àwọn méjèèjì jọ ara wọn bí ìbejì. Ọ̀pọ̀ 504 ni wọ́n sì ti pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì rẹ̀ láìmọye ìgbà, nítorí náà ìwé ọkọ̀ tí bàbá fi sílẹ̀ lè máà sọ òtítọ́ ohun tí ó wà lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì lónìí. Kí ẹ tó tún ná kọ́bọ̀ kan, ẹ jẹ́ kí mẹ́káníìkì fi káálípà, irinṣẹ́ ìwọ̀n, wọn inú sílífù àtijọ́ níṣojú yín, ní ìsàlẹ̀ pátápátá níbi tí rìǹgì kì í dé, nítorí pé òkè rẹ̀ ti jẹ, kò sì lè sọ ìwọ̀n tí wọ́n ṣe é sí.

Sílífù ẹ́ńjìnnì yìí kì í ṣe èyí tí a ń gbẹ́ fẹ̀ nínú bílọ́ọ̀kù. Yíyọ ni à ń yọ ọ́, omi tí ń tu ẹ́ńjìnnì lára sì ń kan ẹ̀yìn rẹ̀. Ìdí nìyí tí a fi máa ń ta pístìn, píìnì, rìǹgì àti sílífù pọ̀ nínú páálí kan fún ihò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Bí ẹnìkan bá ní òun yóò bá yín ṣà wọ́n jọ, pístìn láti inú páálí kan, sílífù láti inú òmíràn, ẹ kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀. Ẹ wò ó bóyá séèlì tí ń jókòó sí ìdí sílífù kọ̀ọ̀kan wà nínú páálí náà. Nígbà tí mẹ́káníìkì bá sì ń tò ó, orí sílífù gbọdọ̀ yọ díẹ̀ kọjá ojú bílọ́ọ̀kù kí ó tó gbé tọ́ọ̀pù sílíńdà lé e. Bí ó bá rì wọlé, gásíkẹ́ẹ̀tì kò ní lè dì í, omi yóò sì wọ inú ọ́ìlì, owó yín yóò sì tún ṣòfò.

Ohun mìíràn wà tí àwọn tí ó dàgbà sídìí iṣẹ́ yìí mọ̀ dáadáa, tí ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wá ọjà kì í mọ̀: ẹ́ńjìnnì 1971 cc yẹn kan náà ni Peugeot gbé sínú ọ̀pọ̀ 505. Gíà wọn pẹ̀lú jọ wá láti ìdílé kan, BA7, yálà ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin tàbí ẹlẹ́sẹ̀ márùn-ún. Bí wọ́n bá dá yín lóhùn pé kò sí ti 504, ẹ béèrè ti 505.

Ní ti ibi tí ẹ óò lọ, ọjà Gate ní Ìbàdàn ni kí ẹ kọ́kọ́ yà sí. Bí kò bá sí níbẹ̀, ẹ gba Ládípọ̀ ní Mushin lọ, tàbí Owódé Onírin ní ojú ọ̀nà Ìkòròdú, pàápàá bí ó bá jẹ́ àlòkù ni ẹ ń wá. Àwọn tí ó wà ní ìhà Badagry àti Ìdí-Ìrókò lè wò ó ní Kùtọ̀nú, nítorí 504 akẹ́rù ti ṣiṣẹ́ púpọ̀ ní ilẹ̀ Benin àti Togo. Ní Ládípọ̀, oníkálukú ló ní irú ọkọ̀ tí ó ń ta ẹ̀yà ara rẹ̀. Ẹ béèrè ìlà àwọn oníPeugeot, kí ẹ sì fi ẹsẹ̀ ara yín rìn débẹ̀, nítorí pé àwọn ọ̀dọ́ tí ń pàdé ènìyàn lẹ́nu ọ̀nà kì í sábà ní ṣọ́ọ̀bù. Ṣọ́ọ̀bù ẹlòmíràn ni wọn yóò ti lọ gbé e wá, wọn yóò sì bù lé e. Ẹ mú ẹ̀yà àtijọ́ náà dání, kí ẹ ti nù ún kí nọ́ńbà ara rẹ̀ hàn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ ìwọ̀n ẹ́ńjìnnì sínú rìsíìtì, pẹ̀lú àdéhùn pé bí kò bá wọlé, ẹ óò dá a padà. Oníṣòwò tí ó mọ ohun tí ó ń tà kì í kọ̀ láti kọ ọ́.

Ìbéèrè: Olóòtú, mo ní típà Mercedes 911 kan tí ó ń kó yanrìn. Kíráńkì rẹ̀, ọ̀pá tí pístìn ń yí nínú ẹ́ńjìnnì, ti jẹ kọjá ohun tí a lè tún gbẹ́. Wọ́n fi tuntun kan hàn mí tí kò ní orúkọ kankan lára, wọ́n sì tún fi tòkunbọ̀ hàn mí tí owó rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ti tuntun. Èwo ni kí n rà? Onílọ́rì kan, Ṣágámù.

Ìdáhùn: Ẹ ra tòkunbọ̀, bí ó bá yege nínú ohun tí a fẹ́ sọ yìí. Ẹ kọ́kọ́ wo ẹ̀gbẹ́ bílọ́ọ̀kù yín. Bí wọn kò bá tíì pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ náà, OM 352 ni ẹ óò bá lára rẹ̀: sílíńdà mẹ́fà, 5675 cc, dísù ni ó ń lo. Nọ́ńbà tí Mercedes ń fún ẹ̀yà ẹ́ńjìnnì yìí a máa bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú lẹ́tà A, 352 yóò sì tẹ̀ lé e. Ẹ̀yà tí ó bá gbé nọ́ńbà mìíràn wá lè wọlé o, ṣùgbọ́n ẹ bi ẹni tí ń tà á léèrè ohun tí ó fi dá a lójú. Ìdùnnú ibẹ̀ ni pé ẹ́ńjìnnì yìí kan náà ni wọ́n gbé sínú lọ́rì 1113 tí Mercedes ṣe lọ́pọ̀ yanturu ní Brazil, níbi tí ilé-iṣẹ́ wọn ti wà ní São Bernardo do Campo láti ọdún 1956. Nítorí náà, bí ẹ bá rí ẹ̀yà tí a kọ Brazil sí lára, ẹ má ṣe rò pé irọ́ ni wọ́n ń pa fún yín.

Kíráńkì tòkunbọ̀, ẹ fi okùn gbé e kọ́ sókè, kí ẹ sì fi òòlù kékeré kàn án láti ìpẹ̀kun kan dé èkejì. Bí ó bá sán, ohùn rẹ̀ yóò kú lójijì. Èyí tí kò sán yóò dún gbọnrangandan, ohùn náà yóò sì pẹ́ kí ó tó lọ. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn tí ń fi ẹ̀rọ gbẹ́ irin, kí wọ́n fi máíkírómítà wọn gbogbo ibi tí bẹ́árìn ń jókòó sí. Bí wọ́n bá ti gbẹ́ ẹ rí, ìwọ̀n rẹ̀ yóò ti dín, ó sábà máa ń jẹ́ mílímítà 0.25 tàbí 0.50, bẹ́árìn tí ẹ óò rà sì gbọdọ̀ jẹ́ ti ìwọ̀n yẹn gan-an. Èyí tí a kò tíì gbẹ́ rí ni ó dára jù, nítorí pé ó ṣì ní ọjọ́ iwájú. Kíráńkì tuntun tí kò ní orúkọ ni mo bẹ̀rù jù. Ojú rẹ̀ a máa dán, ṣùgbọ́n kò sí ohun tí a fi lè mọ̀ bóyá wọ́n fi iná sé e le dáadáa.

Àwọn kan wà tí a kì í ra àlòkù wọn láé, ì báà jẹ́ láti Jámánì: bẹ́árìn, gásíkẹ́ẹ̀tì, séèlì, àti gbogbo rọ́bà bíréèkì. Ọ̀pá tí ń yí táyà iwájú ńkọ́? Bí ó bá ti sán, ẹ má ṣe jẹ́ kí wẹ́ẹ̀dà jó o pọ̀. Típà tí ó ru yanrìn kún, tí ọ̀pá rẹ̀ já ní ojú ọ̀nà márosẹ̀, ẹ̀mí ni yóò gbà.

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, Mà tàbí Sà. Toyota Camry Oróbó ni mò ń wà. Páàdì bíréèkì tí mò ń rà kì í pẹ́ kí ó tó jẹ tán, bẹ́ẹ̀ orúkọ Toyota wà lára páálí rẹ̀. Báwo ni mo ṣe lè dá ojúlówó mọ̀? Ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta, Òṣogbo.

Ìdáhùn: Ẹ kú ìnáwó, Mà. Oróbó, Big Daddy, Muscle, àwa ni a sọ wọ́n bẹ́ẹ̀. Kò sí èyí tí ó wà nínú ìwé Toyota. Camry ọdún 1992 sí 1996 ni à ń pè ní Oróbó. Ẹ̀wẹ̀, ẹ́ńjìnnì 5S-FE tí ó wà nínú púpọ̀ nínú wọn ni ó tún wà nínú Camry tí ó tẹ̀ lé e títí di 2001, ṣùgbọ́n láti 1997 ni wọ́n ti yọ dísíríbútọ̀, ohun tí ń pín iná fún pílọ́ọ̀gì, kúrò lára rẹ̀, nítorí náà kì í ṣe gbogbo ohun tí ó jọra ni ó bára mu.

Nọ́ńbà ṣáásì ni ẹ óò gbé dání. Ó jẹ́ lẹ́tà àti nọ́ńbà 17, ẹ óò rí i lábẹ́ gíláàsì iwájú ní ọwọ́ ìwakọ̀. Èyí ìkẹwàá nínú wọn ni ó ń sọ ọdún ọkọ̀ tí a ṣe fún Amẹ́ríkà: N ni 1992, P ni 1993, R ni 1994, S ni 1995, T ni 1996. Ẹ lè tẹ nọ́ńbà náà sínú ìwé àkójọ ẹ̀yà ara Toyota tí ó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, yóò sì fún yín ní nọ́ńbà páàdì tiyín. Páàdì iwájú Toyota máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 04465, ti ẹ̀yìn pẹ̀lú 04466. Bí nọ́ńbà ara páálí kò bá bá èyí tí ẹ kọ sílẹ̀ mu, ẹ dá a padà láìsí àríyànjiyàn.

Ti ayédèrú, ẹ má wo páálí nìkan, nítorí pé páálí ni ó rọrùn jù láti ṣe. Ẹ mú páàdì náà jáde, kí ẹ wo ibi tí ohun dúdú náà ti lẹ̀ mọ́ irin. Bí ẹ bá rí àlàfo, tàbí tí èékánná yín lè ya á kúrò ní etí, ẹ fi sílẹ̀. Bí ó bá jẹ́ èyí tí a ṣe ní Nàìjíríà, ẹ wá àmì MANCAP, èyí tí àjọ SON fi ń jẹ́rìí sí ọjà tí a ṣe nílé. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó dá páàdì lẹ́bi, ẹ jẹ́ kí mẹ́káníìkì yọ píìnì káálípà bíréèkì wò. Bí ìpẹtà bá ti mú un tí kò lè rìn mọ́, ojúlówó pàápàá yóò jẹ tán láìpẹ́, ti inú yóò sì ṣáájú ti òde jẹ.

Ìbéèrè: Ìyá mi ní Adó-Èkìtì ń lo Volkswagen Golf 3. Mo fẹ́ ra iná iwájú, ọ̀pá yíyí ọwọ́ ọkọ̀ àti ọ́tánétọ̀ (alternator, èyí tí ń pèsè iná fún ọkọ̀) àlòkù ránṣẹ́ sí wọn láti ìhín. Ṣé yóò bá tiwọn mu? Ọmọ wọn, London.

Ìdáhùn: Ọ́tánétọ̀ nìkan ni kí ẹ rà nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Nàìjíríà ti kúrò ní apá òsì ojú ọ̀nà bọ́ sí apá ọ̀tún láti ọjọ́ 2 oṣù Kẹrin ọdún 1972, Bìrìtìkó sì wà ní apá òsì títí di òní. Iná iwájú ọkọ̀ ti Bìrìtìkó ń tàn sí ẹ̀gbẹ́ òsì, yóò sì máa kọ mànà sí ojú ẹni tí ń bọ̀ níwájú ìyá yín lálẹ́. Ọ̀pá yíyí ọwọ́ ọkọ̀ kò ní wọlé rárá, bẹ́ẹ̀ náà ni apá wáípà àti dáṣíbọ́ọ̀dù. Ẹ bẹ ìyá yín kí wọ́n gbé táyà ìpamọ́ kúrò nínú búùtù, kí wọ́n sì ya fọ́tò bébà kékeré tí ó lẹ̀ mọ́ abẹ́ rẹ̀ ránṣẹ́. Lẹ́tà tí a fi mọ ẹ́ńjìnnì àti gíà wà lórí rẹ̀. Ẹ̀dà bébà yìí tún máa ń wà nínú ìwé àtúnṣe ọkọ̀, bí tará ọkọ̀ bá ti ya. Bí ẹ bá fẹ́ fi nǹkan mìíràn kún ẹrù náà, ẹ̀yà inú ẹ́ńjìnnì, káálípà bíréèkì àti gíláàsì ilẹ̀kùn kò ní wàhálà, kìkì kí ẹ ro ọ́ìlì inú wọn dànù pátápátá, kí ẹ má sì fi bátìrì tàbí airbag sínú rẹ̀, nítorí pé ẹrù eléwu ni àwọn akẹ́rù kà wọ́n sí.