Wi-Fi Raspberry Pi orí dróònù: ẹ wo iná rẹ̀ kẹ́ ẹ tó wo ètò rẹ̀

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Bí ọ̀rọ̀ yín ṣe yé mi nìyí: Raspberry Pi Zero 2 W, kọ̀ǹpútà kékeré yẹn, lẹ gbé sórí dróònù, ẹ so ó mọ́ Pixhawk tó ń darí dróònù náà, ẹ sì fi wpa_supplicant.conf, fáìlì tí wọ́n ń kọ orúkọ àti páswọ́ọ̀dù Wi-Fi sí, sínú mẹ́mórì káàdì bí àwọn fídíò ṣe ní kẹ́ ẹ ṣe. Kò wọ hotspot fóònù yín. Nígbà tẹ́ ẹ wá fi kíbọọ̀dù so ó fúnra yín, ó wọlé, àmọ́ bí abẹ̀bẹ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í yí ló já. Ẹjọ́ méjì nìyẹn. Ẹni tó bá dà wọ́n pọ̀, káàdì ni yóò máa pa rẹ́ tí yóò máa kọ lákọ̀tun láti àárọ̀ ṣúlẹ̀.

Ti àkọ́kọ́ kò le. Raspberry Pi OS Bookworm tó jáde ní oṣù kẹwàá ọdún 2023 ti gbé iṣẹ́ Wi-Fi fún ètò míì tó ń jẹ́ NetworkManager, kò sì ka fáìlì àtijọ́ yẹn mọ́. Ọ̀pọ̀ fídíò ti wà ṣáájú ìgbà náà. Inú Raspberry Pi Imager, ètò tẹ́ ẹ fi ń kọ káàdì lórí kọ̀ǹpútà, ni kẹ́ ẹ ti fi orúkọ nẹ́tíwọ̀kì, páswọ́ọ̀dù àti orílẹ̀-èdè sílẹ̀ kẹ́ ẹ tó kọ káàdì. Tí káàdì bá sì ti wà lórí bọ́ọ̀dù Pi tẹ́lẹ̀, ẹ tẹ sudo nmtui lórí Pi, kẹ́ ẹ yan nẹ́tíwọ̀kì yín níbẹ̀. Ẹ má fojú di ti orílẹ̀-èdè yẹn o. Tẹ́ ò bá fi NG (Nàìjíríà) síbẹ̀, rfkill, ohun tó ń ti Wi-Fi pa tó ń ṣí i lórí Pi, lè ti Wi-Fi pa pátápátá, kò sì sí páswọ́ọ̀dù tó máa ṣí i. Ẹ tẹ rfkill list. Tẹ́ ẹ bá rí “Soft blocked: yes” lábẹ́ Wireless LAN, ibẹ̀ ni wàhálà wà.

Tí ìyẹn bá ti tọ́, ẹ tẹ nmcli device wifi list kẹ́ ẹ wo nẹ́tíwọ̀kì tó ń rí. Zero 2 W kò mọ̀ ju 2.4 GHz lọ, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ fóònù òde òní ló ń gbé hotspot wọn sórí 5 GHz. Lórí iPhone, ẹ tan Maximize Compatibility. Lórí Android, ẹ yan 2.4 GHz, kẹ́ ẹ sì fi irú ààbò páswọ́ọ̀dù tó ń jẹ́ WPA2 sí i dípò WPA3, torí WPA3 kì í fi bẹ́ẹ̀ bá Wi-Fi àwọn bọ́ọ̀dù yìí rẹ́. Tó bá jẹ́ iPhone, ẹ yí orúkọ rẹ̀ padà kúrò ní “Lágbájá’s iPhone”: àmì tó tẹ̀ kọdọrọ níwájú s yẹn kì í ṣe èyí tẹ́ ẹ ń tẹ̀ lórí kíbọọ̀dù, nítorí náà orúkọ méjèèjì kò ní bára mu.

Ti kejì ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ fọkàn sí, ó ti jẹ mí níyà rí. Tí Wi-Fi bá ń já nígbà tí abẹ̀bẹ̀ bá ń yí, lọ́pọ̀ ìgbà Wi-Fi kọ́ ló ń já, bọ́ọ̀dù fúnra rẹ̀ ló ń kú tó ń jí. Bó bá ti já, tẹ́ ẹ tún rí i wọ̀, ẹ tẹ uptime. Tó bá jẹ́ ìṣẹ́jú kan péré ló ní òun ti wà lójúfò, ẹ fi ètò Wi-Fi sílẹ̀, iná ni.

Àwọn èèyàn máa sọ pé kẹ́ ẹ tẹ vcgencmd get_throttled, tó ń sọ bóyá iná tó. Lórí Pi 3 àti Pi 4, òótọ́ ni: 0x0 dára, 0x50005 túmọ̀ sí pé iná ò tó lọ́wọ́lọ́wọ́, 0x50000 pé kò tó nígbà kan lẹ́yìn tó tàn. Àwọn bọ́ọ̀dù yẹn ní ohun tó ń ṣọ́ ọ bí iná bá já wálẹ̀ sí nǹkan bíi volt 4.63. Ìdílé Zero kò ní in. Kódà bí iná bá ń kú lórí tiyín, 0x0 lè jókòó síbẹ̀ kó máa wò yín. Mítà ni kẹ́ ẹ fi wọ̀n ọ́n, lórí pínnì 2 (volt 5) àti pínnì 6 (GND) tó wà lára Pi, kẹ́ ẹ sì lo èyí tó lè tọ́jú iye tó kéré jù lọ, torí pé iná á ti já wálẹ̀, á ti padà sókè kí ojú tó rí i.

Ẹ yọ abẹ̀bẹ̀ kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀ ìwọ̀n yìí. Àmọ́ bí kò bá já láìsí abẹ̀bẹ̀, ẹ má tíì sọ pé ó ti sàn, torí ẹ̀rọ tí kò ru nǹkan kì í fa iná púpọ̀. Ẹ wá dá abẹ̀bẹ̀ padà, àmọ́ ẹ dojú wọn délẹ̀, kẹ́ ẹ sì gbé ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ sórí mọ́tò tó tẹ̀ lé tirẹ̀, kí afẹ́fẹ́ wọn lè máa tẹ dróònù mọ́lẹ̀. Ẹ so ó mọ́ nǹkan tó wúwo, kẹ́ ẹ dúró jìnnà.

Àtúnṣe rẹ̀: BEC (ohun tó ń sọ iná bátìrì di kékeré) volt 5, ampere 3, tó ń gba iná tààrà látinú bátìrì, tí yóò jẹ́ ti Pi nìkan. Ẹ lo wáyà tó nípọn, tí kò gùn. Ẹ má fi wáyà pupa (ti iná) tó wà ní TELEM2, ojú ihò tẹ́ ẹ fi so Pi mọ́ Pixhawk, bọ́ Pi. TX (ìfiránṣẹ́), RX (ìgbàránṣẹ́) àti GND nìkan ló yẹ kó kọjá láàárín wọn.

Tí uptime bá ní bọ́ọ̀dù kò kú, ẹ pa oorun tí Wi-Fi máa ń sùn láti fi iná pamọ́: sudo nmcli connection modify, lẹ́yìn náà orúkọ nẹ́tíwọ̀kì yín, lẹ́yìn náà 802-11-wireless.powersave 2. Kẹ́ ẹ sì wo ibi tẹ́ ẹ de Pi mọ́. Áńtẹ́nà rẹ̀ wà lára bọ́ọ̀dù fúnra rẹ̀, ibi kékeré onígun mẹ́ta yẹn. Tí carbon fibre bá bò ó, ó tán.

Èmi ò gbé hotspot fóònù lọ sí oko mọ́. Dróònù ni mo jẹ́ kó máa tan tirẹ̀:

sudo nmcli device wifi hotspot ifname wlan0 con-name dronu ssid dronu band bg password (tiyín)
sudo nmcli connection modify dronu connection.autoconnect yes

10.42.0.1 ni àdírẹ́sì Pi máa jẹ́, QGroundControl, áàpù tẹ́ ẹ fi ń wo ipò dróònù, sì ń gbọ́ lórí UDP 14550. Ẹ pa dátà Android yín, torí bó bá rí i pé kò sí íntánẹ́ẹ̀tì lórí Wi-Fi yẹn, ó lè gba ọ̀nà dátà lọ láìsọ fún yín.

Rímóòtù ni kó máa darí dróònù, ẹ má fi Wi-Fi yìí darí rẹ̀ lókè. Bí rímóòtù yín bá sì jẹ́ 2.4 GHz, ẹ tan hotspot náà, ẹ gbé rímóòtù rìn jìnnà nígbà tí dróònù ṣì wà nílẹ̀, kẹ́ ẹ wò ó bóyá ó ṣì ń gbọ́ràn.