Ẹ Bi Wá: Ìdì Káàdì Tí A Tò Sílẹ̀ De Àlejò

Lẹ́tà márùn-ún la mú lóṣù yìí, láti Àkúrẹ́ àti Oǹdó. Ọ̀rọ̀ wọn jọra: ẹnì kan ló ní káàdì Magic, àwọn yòókù ò ní, gbogbo wọn sì fẹ́ ṣeré. Magic ni eré káàdì tí ẹni méjì fi ń bá ara wọn jà: ẹ̀mí 20 ni oníkálukú fi ń bẹ̀rẹ̀, ẹni tí tirẹ̀ bá kọ́kọ́ tán ló pàdánù. Nínú ìdáhùn wa, "ìdì" ni ohun tí àwọn ọ̀dọ́ ń pè ní dẹ́ẹ̀kì. "Ilẹ̀" ni káàdì tó ń pèsè mana, mana sì ni owó tí a fi ń ra ìlò káàdì yòókù. "Ẹ̀dá" ni káàdì tó ń jà.

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú. Ẹ̀gbọ́n mi fi káàdì Magic bí 400 ránṣẹ́ sí mi láti òkè òkun. Àwọn ọ̀rẹ́ mi mẹ́ta máa ń wá sílé lọ́jọ́ Àìkú, ṣùgbọ́n wọn ò ní káàdì, wọn ò sì fẹ́ kọ́ bí a ṣe ń to ìdì. Mélòó ni kí n tò dè wọ́n, kí ni kí n sì fi sínú rẹ̀? (Ìjàpọ̀, Àkúrẹ́)

Mẹ́rin tó. Ẹ má tíì kọjá bẹ́ẹ̀, torí gbogbo ìdì gbọ́dọ̀ bá ara wọn jà kí ẹ tó mọ̀ bóyá wọ́n dọ́gba. Ìdì mẹ́rin lè pàdé lọ́nà 6. Bí ẹ bá sọ ọ́ di mẹ́fà, ó di ọ̀nà 15. Ẹ ò ní ráyè.

Káàdì 40 ni kí ẹ fi sí ọ̀kọ̀ọ̀kan. 60 tí ẹ ń gbọ́ jẹ́ ti ẹni tó ń gbé ìdì tirẹ̀ wá láti ilé, tó lè fi ẹ̀dà mẹ́rin káàdì kan náà síbẹ̀. Nínú 40 tiyín, ilẹ̀ 17, ẹ̀dá 15, káàdì 6 tó ń pa ẹ̀dá ẹlòmíì tàbí tó ń dá a dúró, àti 2 tó ń jẹ́ kéèyàn fa káàdì sí i. Lẹ́yìn náà, ẹ wo iye mana tí àwọn 23 tí kì í ṣe ilẹ̀ ń gbà: kí méjì jẹ́ oní-mana 1, mẹ́fà oní-2, mẹ́fà oní-3, márùn-ún oní-4, mẹ́ta oní-5, ẹyọ kan péré oní-6. Ibí yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà. Wọn a kó gbogbo dírágónì inú páálí sínú ìdì kan torí pé wọ́n dùn ún wò. Kí ilẹ̀ tó pé láti gbé dírágónì àkọ́kọ́ kalẹ̀, ẹ̀mí ẹni tó mú un lọ́wọ́ á ti wálẹ̀ láti 20 sí 7.

Mana ní àwọ̀ márùn-ún, irú ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan sì ń pèsè àwọ̀ tirẹ̀. Àwọ̀ kan fún ìdì kan ló rọrùn jù. Bó bá di méjì, ẹ fún èyí tó pọ̀ ní ilẹ̀ 9, kí ìkejì gba 8. Ẹ ka ilẹ̀ yín kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ o: ìdì mẹ́rin á jẹ 68, ẹni tó ń fi káàdì ránṣẹ́ kì í sì í sábà rántí kó ilẹ̀ mọ́ ọn. Èyí tó bá dín, ẹ gé ìwé pélébé, ẹ kọ "pápá", "erékùṣù", "àbàtà", "òkè" tàbí "igbó" sí i, kí ẹ fi bo ojú káàdì tí ẹ ò lò nínú sílífù (àpò ike pélébé tí a ń ki káàdì bọ̀).

Ẹ wá kọ gbólóhùn kan ṣoṣo mọ́ ìdì kọ̀ọ̀kan: "Èyí ń sáré jà." "Èyí ń fò." "Èyí ń jí òkú dìde." "Èyí ń dúró de ìgbẹ̀yìn." Àlejò tó bá ka ìyẹn ti mọ ibi tó ń lọ. Ìdì tí ẹ ò bá rí gbólóhùn kan kọ fún, kò tíì mọ iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ tú u palẹ̀.

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́. Ìdì wa dára, ṣùgbọ́n ẹlòmíì á fa káàdì méje, kò ní rí ilẹ̀, eré bàjẹ́ nìyẹn. Mo ní kí a máa to àwọn tó máa wà lókè ìdì sílẹ̀ kí a tó bẹ̀rẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi ní màgòmágó ni. Ta ló jàre? (Akẹ́kọ̀ọ́, ìtòsí FUTA, Àkúrẹ́)

Àbúrò, bó bá jẹ́ ìdíje ni, ọ̀rẹ́ rẹ jàre. Wọ́n á lé ẹni tó bá ń to ìdì rẹ̀ lábẹ́lẹ̀ jáde. Bó bá jẹ́ eré ọ̀rẹ́ sọ́rẹ̀ẹ́ tí ẹ̀yin méjèèjì mọ̀ sí, tí ẹ sì tò ó bákan náà, òfin ilé yín nìyẹn.

Ohun tó ń bí ọ nínú ní ìṣirò. Nínú ìdì 40 tó ní ilẹ̀ 17, bí èèyàn bá fa méje, ìgbà 10 tàbí 11 nínú 100 ni yóò rí ilẹ̀ kan péré tàbí kó má rí rárá. Ìgbà 10 mìíràn ni yóò rí márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ: mana wà, ohun tó máa fi rà ò sí. Ọwọ́ (káàdì méje tí a fi ń bẹ̀rẹ̀) kan nínú márùn-ún ti bàjẹ́ kí eré tó bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó sì jẹ́ pé ẹni méjì ló ń fà, nínú eré mẹ́ta, ó ju ọ̀kan lọ tí ọwọ́ ẹnì kan ò ní sunwọ̀n. Láti 2019, òfin Magic gbà kí èèyàn da ọwọ́ bẹ́ẹ̀ padà, kó fa méje mìíràn, kó wá fi ọ̀kan nínú wọn sí ìsàlẹ̀ ìdì. Ó ń ran ẹni tó mọ káàdì lọ́wọ́. Àlejò ò mọ ọwọ́ tó yẹ kóun dá padà.

Èyí tí a fẹ́ràn jù ni ọwọ́ àkọ́tò. Yọ káàdì mẹ́fà sọ́tọ̀ nínú ìdì kọ̀ọ̀kan: ilẹ̀ mẹ́ta, ẹ̀dá oní-mana 2 kan, ẹ̀dá oní-3 kan, káàdì kan tó ń pa ẹ̀dá. Fi wọ́n sínú àpò lẹ́tà. Po 34 tó kù dáadáa, kí olúwarẹ̀ fa ìkeje láti inú rẹ̀. Ilẹ̀ tó ṣẹ́ kù nínú ìdì á jẹ́ 14 nínú 34, tí kò jìnnà sí 17 nínú 40, nítorí náà bí ilẹ̀ ṣe ń jáde tẹ́lẹ̀ kò yí padà.

Àléébù rẹ̀ ni pé tó bá fi máa di eré karùn-ún, gbogbo yín ti mọ ohun tí ẹnì kọ̀ọ̀kan máa gbé kalẹ̀ ní yíyí kẹta, ìyẹn ìgbà kẹta tí eré kàn án. Oògùn rẹ̀ ni àpò mẹ́ta fún ìdì kan, kí káàdì inú wọn yàtọ̀ síra. Kí a ju dáìsì lúdò: 1 tàbí 2, àpò àkọ́kọ́, 3 tàbí 4, ìkejì, 5 tàbí 6, ìkẹta. Àpò méjì tí a ò lò, ẹ tú wọn sínú ìdì, kí ẹ pò ó. Ẹ kọ ohun tó wà nínú àpò kọ̀ọ̀kan sí ìdérí páálí kí títò rẹ̀ padà má baà di wàhálà. Ẹ má fi àmì kankan sí ẹ̀yìn káàdì, torí ẹni tó bá rí àmì ti mọ ohun tó ń bọ̀. Káàdì tó lágbára jù nínú ìdì ò sì gbọdọ̀ wọ àpò. Bó bá ti dájú pé ó máa jáde, òun nìkan ni gbogbo yín á máa ta ayò lé lórí.

Àwọn kan ń pín ìdì sí méjì, ilẹ̀ lọ́tọ̀, ìyókù lọ́tọ̀, kéèyàn máa yan ibi tó fẹ́ fà. Ó dùn létí. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ilẹ̀ karùn-ún, kò sẹ́ni tó tún máa fa ilẹ̀ mọ́. Káàdì gidi ni gbogbo ènìyàn á máa fà, ojú pákó á kún, eré á fà gùn bí ìsinmi ọdún. Èyí tó sàn ju ìyẹn ni kí ilẹ̀ má sí nínú ìdì rárá: kí oníkálukú ní ilẹ̀ 10 lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kó máa fi ọ̀kan sílẹ̀ ní yíyí kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá gba ìyẹn, ẹ yọ gbogbo káàdì tó ń wá ilẹ̀ nínú ìdì (wọn ò ní iṣẹ́ mọ́) àti gbogbo èyí tó ń ba ilẹ̀ jẹ́ (ẹni tí wọ́n bá bà á jẹ́ fún kò ní rí òmíràn fà).

Kí a to gbogbo 40 láti òkè dé ìsàlẹ̀ ńkọ́? Fún ẹni tó ń kọ́ eré fún ìgbà àkọ́kọ́, lẹ́ẹ̀kan péré, ó dára. Ẹ kàn rí i pé kò sí káàdì kankan níbẹ̀ tó ní kí èèyàn wá nǹkan nínú ìdì kó sì pò ó. Ọ̀kan ṣoṣo irú ẹ̀ tú gbogbo iṣẹ́ yín ká.

Ìdì pupa tiwa ń na gbogbo ìyókù. Kí la máa yọ níbẹ̀? (Yábàá, Oǹdó)

Ẹ má tíì yọ nǹkan kan. Ẹ ti kà á? Ìdì mẹ́rin, ọ̀nà 6, ẹ ta eré 4 fún ọ̀nà kọ̀ọ̀kan: eré 24, ìdì kọ̀ọ̀kan á ti jà lẹ́ẹ̀mejìlá. Nínú eré mẹ́rin yẹn, kí ìdì kọ̀ọ̀kan bẹ̀rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, kí àwọn tó mú un sì pààrọ̀ ọwọ́, kó má baà jẹ́ pé òṣèré lẹ ń wọ̀n tí ẹ rò pé ìdì ni.

Ìdì tó dọ́gba pẹ̀lú àwọn yòókù lè fi oríire lásán borí ní 8 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú 12. Ìgbà 19 nínú 100 ni ìyẹn ń ṣẹlẹ̀. 9 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìgbà 7. 10 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìgbà 2. Nítorí náà, 8 kì í ṣe ẹjọ́. Bó bá jẹ́ 9, ẹ ta 12 mìíràn. Bó bá dé 10, ẹ gbé àlùmọ́gàjí.

Káàdì méjì péré ni kí ẹ pààrọ̀, kí ẹ tún dán an wò. Èyí tí gbogbo yín ń pariwo lé lórí kọ́ ló sábà máa ń jẹ̀bi. Nínú ìdì pupa tó ń sáré, àwọn ẹ̀dá kéékèèké oní-mana 1 ni wọ́n ń já ẹ̀mí èèyàn wálẹ̀ kí ẹnìkejì tó jí. Ẹni tó wá fi iná jó o pa ní ìparí ló ń gba orúkọ. Ẹ yọ méjì nínú àwọn kéékèèké yẹn, kí ẹ fi oní-mana 4 méjì dí i. Bí ẹ ò bá fẹ́ fọwọ́ kan ìdì rárá, ọ̀nà kan wà tí kò náni ní nǹkan kan: ìdì tó yá jù kò gbọdọ̀ bẹ̀rẹ̀ rí. Ẹnìkejì ni kó máa kọ́kọ́ ta.

Olùkọ́ ni mí. Mo fẹ́ tẹ káàdì tiwa fún ẹgbẹ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́. Wọ́ọ̀tì nìkan ni wọ́n mọ̀. Irú ìwé wo ni kí n béèrè lọ́wọ́ àwọn atẹ̀wé? (Ọ̀bà-Ilé)

Ẹni tó mọ wọ́ọ̀tì ti gbọ́ ìdajì. Ọmọ tó mọ̀ pé 2 ní kí ẹnìkejì fa méjì, tó mọ̀ pé 14 ń lé gbogbo ayé lọ sọ́jà, ti mọ ohun tí káàdì tó ń pàṣẹ jẹ́.

Ìwọ̀n káàdì jẹ́ mílímítà 63 ní ìbú, 88 ní gígùn. Ìwé A4 kan gba mẹ́sàn-án, nítorí náà káàdì 160 (ìdì mẹ́rin oní-40) á gba ìwé 18, àyè méjì á ṣẹ́ kù. Ẹ béèrè ìwé gíráàmù 300. Ti 80 tí à ń lò lọ́fíìsì ń fi ohun tó wà lójú hàn lẹ́yìn. Ojú nìkan ni kí wọ́n tẹ̀. Bí wọ́n bá tẹ ẹ̀yìn, kì í sábà bá ojú mu délẹ̀délẹ̀, mílímítà kan péré tó yẹ̀ sì ti di àmì tí ọmọ á fi dá káàdì mọ̀. Sílífù tí ẹ̀yìn rẹ̀ dúdú, àwọ̀ kan náà, tí ẹ rà lẹ́ẹ̀kan náà, ló ń bo gbogbo ìyẹn. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gé ìwé níbi iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n fi gé e, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi sísọ́ọ̀sì ṣe é.

Lásìkò ọyẹ́, ìwé á gbẹ, á sì ká kò. Inú ike tó ní ìdérí ni kí ẹ kó wọn sí, kí ẹ gbé nǹkan wúwo lé wọn. Ẹ má fi rọ́bà tí wọ́n fi ń di owó dì wọ́n; ó ń jẹ etí káàdì. Bó bá jẹ́ àwòrán káàdì ilé iṣẹ́ mìíràn lẹ tẹ̀, inú yàrá yín ni kó mọ: ìdíje ò ní gbà á, ẹ ò sì gbọdọ̀ gbé e lọ sọ́jà.

Ìdì mẹ́rin náà ti sú wa, káàdì tuntun ò sì sí. (Òkè-Àró, Àkúrẹ́)

Ẹ gé wọn sí méjì. Káàdì 160 yẹn náà ni, ṣùgbọ́n ààbọ̀ ìdì mẹ́jọ, 20 nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan: mẹ́rin á ní ilẹ̀ 8 àti ìyókù 12, mẹ́rin á ní ilẹ̀ 9 àti ìyókù 11. Àlejò á fa ààbọ̀ méjì láìwò, á pò wọ́n pọ̀, ó di 40. Mẹ́jọ lè so pọ̀ ní méjì-méjì lọ́nà 28. Àwọn tó ni Magic fúnra wọn gbé irú èyí jáde ní 2020, wọ́n pè é ní Jumpstart.

Ẹ yọ káàdì oní-mana 2 tó bá ń béèrè àwọ̀ kan náà lẹ́ẹ̀mejì. Ilẹ̀ àwọ̀ yẹn jẹ́ 8 tàbí 9 péré nínú 40 báyìí, yóò kàn jókòó sọ́wọ́ ni. Kí ààbọ̀ kọ̀ọ̀kan ní káàdì méjì ó kéré tán tó ń pa ẹ̀dá, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ẹni tó fa ààbọ̀ méjì tí kò ní in á kàn máa wo ẹnìkejì níran. Bí ẹ bá ń lo ọwọ́ àkọ́tò, kí ààbọ̀ kọ̀ọ̀kan mú ilẹ̀ méjì àti ẹ̀dá kan wá. Ẹ fi bíírò kọ nọ́ńbà ààbọ̀, láti 1 dé 8, sí ìwé pélébé kékeré níwájú káàdì nínú sílífù, ní igun ìsàlẹ̀, kí ẹ sì ka ogún-ogún kí àlejò tó dìde, torí káàdì tó bá ṣìnà wọ ààbọ̀ ẹlòmíì lálẹ́ Àìkú, ó lè di oṣù mẹ́ta kẹ́nikẹ́ni tó rí i.