Ọ́ìlì tàbí gíríìsì fún ìbọn ní àkókò ọyẹ́?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Olóòtú. Mo ń sin ẹja àti adìyẹ ní ẹ̀bá Kuje, mo sì ní ìbọn ẹlẹ́nu méjì kan tí ìwé àṣẹ rẹ̀ pé. Mẹkáníìkì tó ń bá mi tún jẹnẹrétọ̀ ṣe ní gíríìsì ni kí n máa fi kùn ún, nítorí pé kì í tètè gbẹ. Ọlọ́dẹ tó ń ṣọ́ oko mi, ẹni tó ti ń gbé ìbọn kí wọ́n tó bí mi, ní ọ́ìlì nìkan ni ìbọn mọ̀. Lọ́yẹ́ tó kọjá, ti mẹkáníìkì ni mo ṣe, ṣùgbọ́n kí oṣù kejì ọdún tó parí, ìbọn náà ti le láti ṣẹ́ sí méjì kí n lè ki ọta sí i, ó sì ń dún bí ìgbà tí ènìyàn bá ń lọ ata lórí ọlọ. Ta ni kí n gbọ́ tirẹ̀ nínú àwọn méjèèjì? — Ọlọ́sìn, Kuje.

ÌDÁHÙN: Ti ọlọ́dẹ ni kí ẹ gbọ́, ṣùgbọ́n ẹ má tíì da ti mẹkáníìkì nù, nítorí ibì kan wà lára ìbọn yín tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti tọ̀nà.

Ọ́ìlì tí wọ́n pò mọ́ irú ọṣẹ kan ni gíríìsì. Kì í ṣe ọṣẹ ìfọṣọ o. Èyí tí wọ́n fi lítíọ́ọ̀mù tàbí kálísíọ́ọ̀mù sè ni. Ọṣẹ yìí ló ń di ọ́ìlì mú bí kànìnkànìn ṣe ń di omi mú, tí irin bá sì ti ń tẹ̀ ẹ́, yóò máa jọ̀wọ́ ọ́ìlì náà sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ìdí nìyí tí kì í fi í ṣàn kúrò níbi tí a bá fi í sí, tí òjò kì í sì í tètè fọ̀ ọ́ lọ. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, gíríìsì ni àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà ń fi sí ìbọn M1 wọn, nítorí pé òjò ń fọ ọ́ìlì kúrò lára rẹ̀. Wọ́n tilẹ̀ ṣe agolo gíríìsì kékeré kan tí ń wọ inú ihò ìdí ìbọn náà.

Òjò ni ìṣòro tiwọn, eruku ni ìṣòro tiyín. Eruku ọyẹ́ tí ń fẹ́ bọ̀ láti aginjù, tí púpọ̀ nínú rẹ̀ ń ti àfonífojì gbígbẹ Bodélé ní orílẹ̀-èdè Chad wá, kúnná bí èlùbọ́ tí a jọ̀, iyanrìn wẹ́wẹ́ tó lè ha irin sì wà nínú rẹ̀. Bí ó bá bà lé gíríìsì, ó dé nìyẹn, kò tún ní lọ mọ́. Ẹ fi ìka kan díẹ̀ lára gíríìsì tó wà níbi tí ìbọn yín ti ń ṣẹ́, kí ẹ fi ìka méjì ra á: bí ó bá ń ha yín lọ́wọ́, ó ti kúrò ní gíríìsì, ó ti di pépà tí káfíńtà fi ń ha pákó. Ohun tí ẹ ń gbọ́ nígbà tí ẹ bá ń ṣẹ́ ẹ nìyẹn.

Ẹ kọ́kọ́ yọ ọta kúrò, kí ẹ sì wo inú ihò méjèèjì kí ó dá yín lójú. Ẹ fi kẹrosíìnì àti búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín àtijọ́ fọ gbogbo gíríìsì náà dànù, kí ẹ sì nù ún gbẹ, nítorí ìfọ̀ ni kẹrosíìnì wà fún, kì í dáàbò bo irin. Lẹ́yìn èyí, ọ́ìlì ẹ̀rọ ìránṣọ, èyí tí àwọn aránṣọ ń pè ní Singer, tó fún un: ẹ kán an sórí àkísà, kí ẹ fi àkísà náà pa irin lára. Ibi tí gíríìsì ti wúlò ni irin tí ìbọn fi ń ṣẹ́, nítorí pé irin méjì ń fi agbára ra ara wọn níbẹ̀. Èyí tó bá dúró sórí igi ìṣáná ti tó, kí ẹ sì máa nù ún kúrò, kí ẹ fi tuntun sí i, ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì bí ọyẹ́ bá mú. Ẹ má fi gíríìsì kan abẹ́rẹ́ tó ń gún ìdí ọta rárá.

Ọ́ìlì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni kí ẹ fi sínú ọ̀pá ìbọn kí ó má baà dógùn-ún, kí ẹ sì fi àkísà gbígbẹ nù ún kúrò kí ẹ tó yìn ín. Mo ti rí ọ̀pá ìbọn tó wú bí ọ̀fun ọ̀pọ̀lọ́ nítorí gíríìsì tí wọ́n gbàgbé sínú rẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ gbé e pamọ́, ẹ da ẹnu rẹ̀ kọlẹ̀. Bí ẹ bá gbé e nàró, ọ́ìlì yóò ṣàn wọ inú igi ìdí rẹ̀, igi náà yóò dúdú, yóò sì rọ̀ títí irin yóò fi máa mì nínú rẹ̀.

Ọ́ìlì kọ́ńdéèmù ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì ńkọ́? Ẹ jẹ́ kó máa gbé ọ̀dọ̀ wọn; èérún irin àti ásíìdì ló kún inú rẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Ṣakabùlà, ìbọn tí à ń ki etu sí láti ẹnu, ni tèmi. Àdín ni bàbá mi fi ń kun tirẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn ọ̀rẹ́ mi ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. — Ọmọ Ọlọ́dẹ, Mopa.

ÌDÁHÙN: Kí wọ́n rọra rẹ́rìn-ín. Èérí tí etu ń fi sílẹ̀ nínú ìbọn máa ń fa omi inú afẹ́fẹ́ mọ́ra, ó sì máa ń di bí ọ̀dà bí ó bá pàdé ọ́ìlì mọ́tò. Ọ̀rá ẹran tàbí ti igi bá a mu jù bẹ́ẹ̀ lọ; àwọn òyìnbó tó ṣì ń yin ìbọn etu ń po ọ̀rá màlúù mọ́ ìda oyin fún un. Àléébù àdín ni pé ó ń dì láàárọ̀ ọyẹ́, bí ó bá sì pẹ́, yóò kan, yóò sì máa lẹ̀ mọ́ irin. Èyí tí bàbá yín mọ̀ dájú ni pé ìfọ̀ ṣe pàtàkì ju ìkunra lọ. Omi gbígbóná àti ọṣẹ ni kí ẹ fi fọ̀ ọ́ lọ́jọ́ tí ẹ bá yìn ín gan-an, ẹ má jẹ́ kó sùn. Bí omi bá ń jáde láì dúdú mọ́, tí òórùn ẹyin bíbàjẹ́ náà sì ti lọ, ẹ sá a sóòrùn kí ó gbẹ dáadáa, kí ẹ tó mú àdín.