Ìbéèrè láti Kétu: Mo fẹ́ lọ rí àwọn tí a jọ ń kọ̀wé ní Yúróòpù. Níbo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Kétu ti ilẹ̀ Bénin ni mo wà, iṣẹ́ olùkọ́ ni mò ń ṣe. Ó ti tó ọdún márùn-ún tí èmi àti àwọn mẹ́ta kan ti jọ ń kọ̀wé lórí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ àti orin ẹ̀fẹ̀. Ọ̀kan ń gbé ní Párísì, ọmọ Ṣábẹ̀ẹ́ ni. Ọ̀kan wà ní Bruxelles, òyìnbó ni. Ẹ̀kẹta, ọmọ Nàìjíríà, wà ní Lọ́ńdọ̀nù. A máa ń bára wa sọ̀rọ̀ lórí fóònù bí ẹni pé ilé kan náà la ti jí, ṣùgbọ́n a ò tíì fojú kanra rí. Mo fẹ́ lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ́dọ̀ wọn nínú oṣù Kẹjọ, nígbà ìsinmi. N ò wọ ọkọ̀ òfuurufú rí. Ọkọ mi ń bẹ̀rù, ó ní ta ni mo mọ̀ níbẹ̀. Níbo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀? Èló ni yóò ná mi? Ṣé mo lè sùn sílé wọn? Kí ni mo sì lè gbé lọ́wọ́ lọ fún wọn?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, o káre tí o béèrè kí o tó náwó. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń wá bá mi ní ọ́fíìsì tí a ti ń báni ṣe ìwé ìrìnàjò, nítòsí ọjà Wàńdó, níbí ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), ti ra tíkẹ́ẹ̀tì kí wọ́n tó wá, ẹkún ni wọ́n sì máa ń bá wọlé.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó ni mo máa fi bẹ̀rẹ̀. Nínú ìlú mẹ́ta tí o dárúkọ, yan ọ̀kan tí wàá fìdí kalẹ̀ sí, kí àwọn yòókù jẹ́ ibi tí wàá kàn yà sí. Mo mọ̀ pé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ̀rẹ́, o ò sì fẹ́ kí ìkankan rò pé o fẹ́ràn èkejì ju òun lọ. Ṣùgbọ́n ibi tí o bá fìdí kalẹ̀ sí ló máa sọ ilé aṣojú orílẹ̀-èdè tí wàá mú ìwé lọ, ìwé tí wọ́n máa béèrè, owó tí wọ́n máa fẹ́ rí lọ́wọ́ rẹ, àti ẹni tó máa dúró fún ọ.

Orílẹ̀-èdè Yúróòpù 29 ló wà nínú àdéhùn tí wọ́n ń pè ní Schengen, físà kan náà ni gbogbo wọn sì ń lò. Faransé wà níbẹ̀, Bẹ́ljíọ̀mù, tó ni Bruxelles, wà níbẹ̀. Orílẹ̀-èdè tí o bá ti máa lo ọjọ́ tó pọ̀ jù ni wàá tọ̀ lọ fún físà. Bí ọjọ́ wọn bá dọ́gba, èyí tí o bá kọ́kọ́ wọ̀ ni. Má tẹ̀lé ẹni tó bá sọ fún ọ pé ti orílẹ̀-èdè báyìí ni wọ́n máa ń tètè fúnni, kí o lọ gbà á níbẹ̀ kí o wá forí lé Párísì. Bí ìwé rẹ bá ń sọ ohun kan tí ẹsẹ̀ rẹ ń ṣe òmíràn, wọ́n lè dá ọ padà lẹ́nu ibodè.

Lọ́ńdọ̀nù kò sí nínú àdéhùn yìí. Físà tirẹ̀ lọ́tọ̀, owó rẹ̀ lọ́tọ̀. Ohun kan tún wà níbẹ̀ tí kì í tètè yé èèyàn: bí físà Schengen rẹ bá jẹ́ èyí tí a fi ń wọlé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ọjọ́ tí o bá ti Párísì kọjá sí Lọ́ńdọ̀nù ni físà náà ti parí iṣẹ́. O ò lè padà sí Párísì mọ́ láti wá wọ ọkọ̀ òfuurufú tí o ti sanwó rẹ̀. Nítorí náà, èrò mi ni pé kí o fi Lọ́ńdọ̀nù sílẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí, kí ọ̀rẹ́ rẹ tó wà níbẹ̀ wá bá yín ní Párísì. Ọkọ̀ ojú irin tó ń gba abẹ́ òkun kọjá máa ń lo nǹkan bíi wákàtí méjì àti ogún ìṣẹ́jú. Ṣùgbọ́n bi í léèrè irú pásípọ́ọ̀tù tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bó bá jẹ́ ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kò nílò físà fún ìbẹ̀wò kékeré bẹ́ẹ̀. Bó bá jẹ́ ti Nàìjíríà, bó ti wù kó pẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù tó, òun náà máa gba físà bíi tìrẹ ni.

Párísì ni mo máa yàn bí mo bá jẹ́ ìwọ. Ọmọ Ṣábẹ̀ẹ́ tó wà níbẹ̀ mọ ibi tí o ti ń bọ̀, èdè Faransé kò sì ṣòro fún ọ. Sùn síbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì ó kéré tán, kí o wá lo ọjọ́ mẹ́rin tàbí márùn-ún ní Bruxelles. Láti ibùdókọ̀ Gare du Nord, ọkọ̀ ojú irin tó yára kì í tó wákàtí kan àtààbọ̀ dé Bruxelles. Ọkọ̀ bọ́ọ̀sì ń pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ máa ń rọjú.

Ní ti àkókò, òfin gbà kí o mú ìwé wọlé láti ìgbà tó bá ku oṣù mẹ́fà kí o rìnrìn àjò, kò sì gbọ́dọ̀ ku ọjọ́ tó dín ní 15. Ọjọ́ 15 ni wọ́n fi ń yẹ ìwé wò, wọ́n sì lè fà á dé 45. Nítorí pé èrò máa ń pọ̀ ní oṣù Kẹjọ, oṣù Kẹrin ni kí ìwé rẹ ti wọlé. Wo pásípọ́ọ̀tù rẹ lónìí: ojú ewé méjì gbọ́dọ̀ ṣófo nínú rẹ̀, kò gbọ́dọ̀ ju ọdún mẹ́wàá lọ tí wọ́n ti fún ọ, ó sì gbọ́dọ̀ ṣì ku oṣù mẹ́ta kó tó parí lẹ́yìn ọjọ́ tí wàá kúrò níbẹ̀.

Wàyí o, owó. Láti ọdún 2024, owó físà àgbàlagbà jẹ́ 90 yúrò. Nítorí pé yúrò kan kì í yẹ̀ ní 655.957 sẹ́fà, ó lé díẹ̀ ní 59,000 sẹ́fà. Bí wọn ò bá fún ọ ní físà, owó náà ti lọ. Asúráńsì ìrìnàjò tún wà, tó gbọ́dọ̀ lè gbé ìtọ́jú àìsàn dé 30,000 yúrò. Iye yẹn ń dẹ́rù bani torí ó sún mọ́ mílíọ̀nù ogún sẹ́fà, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìwọ lo máa san án. Iye tí asúráńsì lè san fún ọ nìyẹn. Ohun tí ìwọ máa san kéré sí i gan-an.

Èyí tó ń kọ èèyàn lóminú jù ni owó tí Faransé fẹ́ rí pé o ní fún oúnjẹ àti ìnáwó lójoojúmọ́. Bí o bá ti gba òtẹ́ẹ̀lì sílẹ̀, 65 yúrò ni lójúmọ́. Bí o kò bá ní òtẹ́ẹ̀lì, tí o kò sì ní ẹni tó gbà ọ́ sílé, 120 ni. Bí ẹnì kan bá gbà ọ́ sílé tó sì ṣe ìwé rẹ̀, 32 yúrò àtààbọ̀ péré ni. Ṣírò ti ọjọ́ 14: pẹ̀lú òtẹ́ẹ̀lì, 910 yúrò, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 600,000 sẹ́fà; lọ́dọ̀ ọ̀rẹ́, 455 yúrò, kò tó 300,000. Ìyàtọ̀ náà tó owó àpò gààrí tó pọ̀. Ìdí nìyí tí ìbéèrè rẹ, "Ṣé mo lè sùn sílé wọn?", fi jẹ́ ìbéèrè pàtàkì.

O lè sùn síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwé ni yóò sọ ọ́, kì í ṣe ẹnu. Orúkọ ìwé náà ní Faransé ni attestation d'accueil. Ọ̀rẹ́ rẹ ló máa lọ gbà á ní mẹ́rì, ìyẹn ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ àdúgbò rẹ̀, yóò san 30 yúrò, yóò fi ẹ̀rí ilé àti owó tó ń wọlé fún un hàn, wọ́n sì lè rán ẹni wá wo yàrá tí wàá sùn. Ojúlówó ìwé náà ló máa fi ránṣẹ́ sí ọ. Fọ́tókọ́pì kò tó. Mo fẹ́ kí o mọ ohun tí ò ń bẹ̀ ẹ́ fún: ó ń fọwọ́ sí i pé bí owó bá tán lọ́wọ́ rẹ, òun ló máa gbé ìnáwó rẹ. Ìyẹn kì í ṣe ohun kékeré lọ́wọ́ ẹni tó lè jẹ́ pé yàrá kan ṣoṣo ló ń gbé. Bi í jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, kí o sì fi àyè sílẹ̀ fún un láti sọ pé kò rọrùn. Bó bá sọ bẹ́ẹ̀, kò túmọ̀ sí pé kò fẹ́ ọ. Gba òtẹ́ẹ̀lì kékeré, kí ìfẹ́ má bàa bàjẹ́. Ìwé tí Bẹ́ljíọ̀mù ń béèrè fún irú èyí yàtọ̀, ṣùgbọ́n nítorí pé Faransé lo máa gba físà rẹ̀, lẹ́tà ìkésíni láti ọ̀dọ̀ ọ̀rẹ́ Bruxelles, pẹ̀lú àdírẹ́sì rẹ̀ àti ọjọ́ tí wàá lò níbẹ̀, ni kí o fi kún un.

Ẹni tó ń yẹ ìwé rẹ wò fẹ́ mọ ohun méjì: kí lo fẹ́ lọ ṣe, kí ló sì máa dá ọ padà. Sọ òtítọ́ fún un. Kọ ọ́ sí ojú ewé kan pé ọdún márùn-ún lẹ ti jọ ń kọ̀wé lórí Gẹ̀lẹ̀dẹ́, kí o sì fi díẹ̀ nínú ìwé tí ẹ jọ kọ há a lẹ́yìn. Gba ìwé lọ́wọ́ ọ̀gá ilé-ìwé rẹ pé o ní iṣẹ́, pé ìsinmi lo wà, pé o máa wọṣẹ́ padà. Fi ìwé ìgbéyàwó àti ìwé ìbí àwọn ọmọ kún un bí o bá ní. Ìwé báńkì oṣù mẹ́ta ni wọ́n sáábà máa ń wò, nítorí náà má yá owó ńlá sínú rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú. Ojú wọn ń rí i. Bí ẹnikẹ́ni bá sì sọ fún ọ ní Kútọ̀nù pé òun mọ ẹnì kan nínú ilé aṣojú náà, má fún un lówó. Ìwé èké kan ṣoṣo lè ti ìlẹ̀kùn náà mọ́ ọ fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Nígbà tí físà bá jáde, jókòó kà á kí o tó yọ̀. Wàá rí ọjọ́ méjì, láti ìgbà báyìí sí ìgbà báyìí, wàá sì rí iye ọjọ́ tí o lè lò lọ́tọ̀. Iye ọjọ́ yẹn ni òfin. Bí wọ́n bá kọ 22, tí ọjọ́ méjì náà sì jìnnà síra tó oṣù kan ó lé, ọjọ́ 22 ṣì ni, ọjọ́ tí o wọlé àti ọjọ́ tí o jáde sì wà nínú rẹ̀. Láti ọdún 2025, ẹ̀rọ ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi kọ ọjọ́ tí àjèjì wọlé àti ọjọ́ tó jáde, kò sí ẹni tó ń fi ọwọ́ kà á tó lè ṣi í kà mọ́.

Jẹ́ kí n sọ tèmi. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo lọ, inú fóònù ni àdírẹ́sì ẹni tó fẹ́ gbà mí sílé wà. Báńtìrì kú kí n tó dé ẹnu ibodè. Wọ́n bi mí pé ibo ni mo máa sùn, mo dárúkọ ìlú, n ò mọ orúkọ òpópónà. Wọ́n fi mí jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan fún wákàtí méjì pẹ̀lú àwọn tí n ò gbọ́ èdè wọn, títí obìnrin kan fi yá mi ní wáyà tí mo fi gba iná. Láti ọjọ́ náà, gbogbo ẹni tí mo bá ń ṣe ìwé fún, mo máa ń fọwọ́ ara mi kọ àdírẹ́sì, nọ́ńbà fóònù àti orúkọ olùgbàlejò sórí ìwé, màá sì ní kó fi í sínú pásípọ́ọ̀tù níwájú mi. Ṣe bẹ́ẹ̀. Fi ẹ̀dà kan sílẹ̀ fún ọkọ rẹ. Ní ti wáyà, iná Faransé àti tiwa ń lo ihò kan náà, kò sí ohun tí wàá rà.

Ọkọ rẹ kò ṣẹ̀ tó bẹ̀rù. Kó tó di ọjọ́ ìrìnàjò, ẹ pe ọmọ Ṣábẹ̀ẹ́ yẹn pẹ̀lú àwòrán lójú fóònù, kí ọkọ rẹ wà níbẹ̀, kí wọ́n kíra wọn, kí ó bi í léèrè ilé tó ti wá. Ìbéèrè ará ilé ni, kò ní bí i nínú. Ẹni tí ẹ ò mọ ìdílé rẹ̀, ìta gbangba ni kí ẹ ti kọ́kọ́ pàdé. Fún yín, mo fẹ́ràn ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé kan ní Párísì, musée du quai Branly, létí odò Seine: ibẹ̀ ni àwọn ìṣúra 26 ti ààfin Abomey wà kí wọ́n tó dá wọn padà fún Bénin ní oṣù Kọkànlá ọdún 2021. Ọjọ́ Ajé ni wọ́n sáábà máa ń tì í. Àwọn tó ń kọ̀wé lórí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ kò ní wá ọ̀rọ̀ tì níbẹ̀.

Ohun kan wà tí kò sẹ́ni tó sọ fún mi tẹ́lẹ̀. Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ bí ẹyẹ ẹ̀gà lórí fóònù lè dákẹ́ bí omi àmù nígbà tí ẹ bá fojú kanra, ìwọ náà lè dákẹ́. Má jẹ́ kó dùn ọ́. Fi ọjọ́ àkọ́kọ́ mọ sí wákàtí méjì, oúnjẹ díẹ̀, kí o lọ sùn. Lọ́jọ́ kejì ni ọ̀rọ̀ máa ń ṣàn. Bí òyìnbó Bruxelles bá sì ní aago mẹ́ta, aago mẹ́ta ni. Má tètè dé ilé rẹ̀, má sì mú ẹnikẹ́ni dání láìsọ. Ní oṣù Kẹjọ, aago Párísì fi wákàtí kan ṣáájú ti Kétu, oòrùn kì í sì sáábà wọ̀ títí di nǹkan bí aago mẹ́sàn-án alẹ́, nítorí náà ojú ọ̀run kò ní sọ fún ọ pé ilẹ̀ ti ṣú. Ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù kékeré máa ń tì nínú oṣù yẹn, ṣùgbọ́n ọjà Château Rouge wà fún ẹni tí oúnjẹ ilé bá ń wù.

Ní ti ẹ̀bùn, má gbé wàrà, má gbé ẹran, bó ti wù kó gbẹ tó. Wọ́n máa gbà á, wọ́n á sì dà á nù. Iṣu tútù àti ọ̀pọ̀ èso tútù ń fẹ́ ìwé àṣẹ. Ṣùgbọ́n òfin wọn yọ ọ̀pẹ̀ òyìnbó, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti àgbọn sílẹ̀, wọ́n sì gba ẹja gbígbẹ tí kò ju kílò 20 lọ. Gààrí àti èlùbọ́ kò ní wàhálà, dì wọ́n dáadáa. Ọ̀pẹ̀ òyìnbó Bénin mẹ́ta tó ti fẹ́ pọ́n, tí o fi ìwé ìròyìn wé lọ́kọ̀ọ̀kan, á ti pọ́n tán kí ẹ tó jókòó pọ̀ ní Párísì. Bí lẹ́tà mẹ́rì bá ti dé ọwọ́ rẹ, gbé gbogbo ìwé náà wá sí Àjàṣẹ́ kí n bá ọ kà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan kí o tó fi wọ́n ránṣẹ́.