Níbo ni OK ti ṣẹ̀ wá?

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Bí mo bá rán ọmọ mi níṣẹ́, “OK” ló máa ń fi dá mi lóhùn, n kì í sì í mọ̀ bóyá ó gbà láti lọ ni tàbí ó kàn gbọ́. Ọ̀rẹ́ mi kan ní àwọn ẹrú tí wọ́n kó láti Áfíríkà ló gbé ọ̀rọ̀ náà dé Amẹ́ríkà. Ṣé òótọ́ ni?
Ìyá aláṣọ, Ọjà Akẹ̀sán, Ọ̀yọ́.

ÌDÁHÙN: Ẹ ṣeun, ìyá wa. Àwọn onímọ̀ kan ti sọ bí ọ̀rẹ́ yín ṣe sọ, wọ́n tọ́ka sí “waaw kay” nínú èdè Wolof ti Senegal, tó túmọ̀ sí “bẹ́ẹ̀ ni o”. Inú èmi náà ìbá dùn bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ìró tó jọra kò tó fi mọ orírun ọ̀rọ̀. Àwọn Gíríìkì ní “ola kala”, àwọn Choctaw tó jẹ́ onílẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní “okeh”. Bí a bá fi ìró nìkan ṣèdájọ́, ọmọ kan ṣoṣo yóò ní bàbá mẹ́ta.

Inú ìwé ìròyìn ìlú Boston, Boston Morning Post, ti March 23, 1839 ni ẹ̀rí tó dájú wà. Nígbà náà, àwọn akọ̀ròyìn ibẹ̀ máa ń mọ̀ọ́mọ̀ ṣi ọ̀rọ̀ kọ láti pa òǹkàwé lẹ́rìn-ín, wọn a sì gé e kúrú: “all correct”, ìyẹn “gbogbo rẹ̀ tọ̀nà”, di “oll korrect”, ó sì di o.k. Irú àwàdà bẹ́ẹ̀ pọ̀ tó ti kú. Ìbò ààrẹ Amẹ́ríkà ti ọdún 1840 ló gba èyí là, nítorí pé Old Kinderhook ni àwọn alátìlẹyìn Ààrẹ Martin Van Buren fi ń ki í, láti ara Kinderhook, ìlú tí wọ́n ti bí i, bí a bá sì gé e kúrú, O.K. náà ni. Lẹ́tà méjì náà sì bọ́ sí ẹnu gbogbo ayé. Van Buren fìdí rẹmi, ọ̀rọ̀ náà kò bá a lọ. Onímọ̀ èdè kan ní Amẹ́ríkà, Allen Walker Read, ló tú gbogbo èyí jáde nínú ìwé ìròyìn àtijọ́, tó sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1963 àti 1964.

Ní ti ìtumọ̀, ẹ fi “ó dáa” tiwa wò ó. “Ó dáa” lè jẹ́ ìfọwọ́sí, ó lè bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, bí ẹni tínú ń bí bá sì fà á gùn, ìhàlẹ̀ ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni OK rí, àfi pé bí wọ́n bá fi dáhùn nípa oúnjẹ, “kò burú” lásán ni, kì í ṣe ìyìn. Bí ọmọ yín bá tún sọ ọ́, ẹ bi í pé ìgbà wo ni yóò lọ.